ORÍ KEJE: Ẹ̀tọ́ Ọ̀nà àti Àbùkù Ìwé Ilẹ̀ Nígbà tí A Bá Ń Ra Ilé Ayálégbé tí Báńkì Gbẹ́sẹ̀ Lé

Nínú orí tí ó ṣáájú èyí, a ti rí bí onílé ṣe máa ń kó ìwé ilé rẹ̀ lọ sí báńkì láti fi yá owó, a sì ti rí ohun tí òfin là sílẹ̀ fún báńkì nígbà tí ọjọ́ bá pé tí olówó kò rí owó rẹ̀ gbà. Ohun tí ó kù, tí a ó sì fi orí yìí yẹ̀ wò ní ẹ̀sọ̀, ni ipò ẹni kẹta, èyíinì ni ẹni tí kò yá owó, tí kò sì yá ẹnikẹ́ni lówó, ṣùgbọ́n tí ó gbọ́ pé a fẹ́ lu ilé kan ní gbàǹjo, tí ó kó owó tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ jáde, tí ó sì ra ilé náà tòun ti àwọn ayálégbé inú rẹ̀, láìmọ̀ pé ọ̀nà tí àwọn ayálégbé náà ń gbà wọlé lè máà jẹ́ ti ilé náà rárá. Irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa wọ́n díẹ̀ ju ilé mìíràn lọ nínú ìnáwó ẹ̀yìn, bí ó tilẹ̀ dínwó lójú ẹni tí ó gbọ́ iye tí báńkì pè é. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a wà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà Ọ̀ṣun, láti Ìlá-Ọ̀ràngún títí dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, ju bí ó ti kan àwọn tí ń gbé ní àdúgbò tí ìjọba fi okùn pín, tí ó sì la títì sí iwájú ilé kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó fi búlọ́ọ̀kù lélẹ̀. Ìtàn àwọn baba wa fi yé wa pé ogbo, ìyẹn àdá, tí Ọ̀ràngún Ajagun-ńlá gbà lọ́wọ́ Odùduwà ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó fi la igbó dídí já títí ó fi tẹ̀dó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ogbo là jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, nígbà tí ọ̀nà tí ó gba àárín agbo ilé kọjá jẹ́ ti agbo ilé náà. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ Ìlá bí Ìpẹ̀rin àti Ìṣẹ̀dó, ilé kọjú sí ilé, ẹ̀yìnkùlé kan já sí òmíràn, àwọn ìyàwó ilé sì ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara wọn lọ sódò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ẹni tí ó ni ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí ìlú wá ń gbòòrò, tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkọ́ni-níṣẹ́-Olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì sọ yàrá tí a lè fi yá akẹ́kọ̀ọ́ di ohun tí ń mówó wọlé, àwọn ọmọ Ìlá tí wọ́n wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ lẹ́yìn ilé àwọn ẹlòmíràn, wọ́n ń kọ́ ilé oníyàrá púpọ̀ síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà wọ ibẹ̀ a máa wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àti ojú àánú, kì í sí nínú ìwé kankan.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa padà sí. Ká sọ pé Lágbájá, ọmọ bíbí Ìlá tí ń ṣòwò ní Ìbàdàn, ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan lẹ́yìn ojú títì tí ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kún inú rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó wà láàárín ilé náà àti títì kì í ṣe ti ẹbí tí ó ta ilẹ̀ fún un; ti ẹbí ìyàwó rẹ̀ ni, baba ìyàwó rẹ̀ ni ó sì nawọ́ sí etí ilẹ̀ náà pé kí ọkọ ọmọ òun máa gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí ó yá, Lágbájá kó ìwé ilé náà fún báńkì, ó yá owó, òwò kò gbè é, kò sì rí owó náà san. Ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbàafà. Ṣùgbọ́n ní ti ilé yìí, igi tí Lágbájá bẹ́ dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn. Báńkì lu ilé náà ní gbàǹjo, Tàmẹ̀dò láti ìlú mìíràn sì rà á. Kí oṣù kan tó pé, àwọn ọmọ ẹbí ìyàwó ti da yẹ̀pẹ̀ àti òkúta sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Tàmẹ̀dò lọ kí olórí ẹbí náà láti béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, bàbá náà dá a lóhùn ní pẹ̀lẹ́tù pé, “Àna wa ni a fún lọ́nà, ọmọ mi, a kò fún báńkì.”

Ọ̀rọ̀ tí bàbá yìí sọ ṣe déédéé pẹ̀lú òfin ju bí Tàmẹ̀dò ti rò lọ, ó sì yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀tọ́ ọ̀nà jẹ́

Ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀nà tí a yọ̀ǹda fún ènìyàn àti ọ̀nà tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ilẹ̀. Èyí tí a yọ̀ǹda fún ènìyàn bá ojú rere rìn. Bí ojú rere bá tán, tàbí bí ẹni tí a ṣe ojú rere sí bá kúrò, ó tán nìyẹn. Ẹ̀tọ́ ọ̀nà ní tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ náà bá sì bọ́ sí lọ́wọ́, ìbáà ṣe nípa ogún, ìbáà ṣe nípa rírà, ìbáà ṣe láti ọwọ́ báńkì, ẹ̀tọ́ náà a tẹ̀ lé ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú ẹjọ́ ọgbà Ellenborough, tí a dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, tí àwọn adájọ́ ilẹ̀ wa náà sì ń tọ́ka sí títí di òní, a là á sílẹ̀ pé kí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ tó lè wà, ilẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ wà, ọ̀kan tí ń jẹ àǹfààní, èkejì tí ń ru ẹrù. Àǹfààní náà gbọ́dọ̀ wúlò fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe fún ẹni tí ó ni ín nìkan. Olóhun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ni ilẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀tọ́ náà sì gbọ́dọ̀ ṣe é là sílẹ̀ kedere nínú ìwé àdéhùn.

Orísun tí ẹ̀tọ́ ọ̀nà lè ti sẹ̀ kò pọ̀. Èyí tí ó dájú jù lọ ni kí onílẹ̀ fi ìwé àdéhùn fúnni ní tààrà. Èkejì ni èyí tí òfin fúnra rẹ̀ ń kà mọ́ títà ilẹ̀: bí ẹnì kan bá ni ilẹ̀ gbọọrọ kan tí ó ta ti inú, tí ó fi ti etí títì pamọ́ fún ara rẹ̀, òfin kò ní gbà á láyè láti sọ pé òun ta ilẹ̀ ṣùgbọ́n òun kò ta ọ̀nà. Ẹjọ́ Wheeldon àti Burrows ti ọdún 1879 fi kún un pé ọ̀nà tí olóhun kan náà ti ń lò ní gbangba láti inú apá kan ilẹ̀ rẹ̀ kọjá sí apá kejì, tí a nílò láti gbádùn apá tí ó tà, a máa bá apá náà lọ sí ọwọ́ olùrà. Ẹ̀kẹta ni lílò fún ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo lílò ni ó jẹ́ lílò lójú òfin: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ní gbangba, láìfi agbára ṣe é, láìyọ́ ọ ṣe, àti ní pàtàkì, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀.

Ẹ wo bí gbogbo èyí ṣe kan Tàmẹ̀dò. Kò sí ìwé. Ẹbí tí ó ta ilẹ̀ fún Lágbájá kọ́ ni ó ni etí títì, nítorí náà kò sí ohun tí òfin lè kà mọ́ títà náà, nítorí kò sí ẹni tí ó lè ta ọ̀nà inú ilẹ̀ onílẹ̀. Bí Lágbájá tilẹ̀ gba ibẹ̀ fún ogójì ọdún, ó tọrọ àyè kí ó tó gba ibẹ̀, ìtọrọ-àyè náà sì ni ó ba ọjọ́ pípẹ́ náà jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀, bóyá Lágbájá fúnra rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, tí ó fi ti ẹ̀yìn nìkan dógò, tí ọ̀nà náà sì ti hàn gbangba ní ọjọ́ tí ó fọwọ́ sí ìwé ìdógò, a jẹ́ pé ọ̀nà náà bá ìdógò lọ, Tàmẹ̀dò sì lè dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì níwájú adájọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tún lè yí sí apá kejì: bí Lágbájá bá ti fún aládùúgbò kan láyè láti máa gba àárín ọgbà ilé náà kọjá lẹ́yìn tí ó ti fi í dógò, tí báńkì kò sì mọ̀ sí i, àyè náà kò de báńkì, kò sì de ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ báńkì. Ọjọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé ìdógò ni a máa ń fi wọn ohun gbogbo, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ gbàgbé láti béèrè ọjọ́ náà.

Ní tèmi, mo gbà pé àbùkù ọ̀nà léwu ju àbùkù ìwé lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àbùkù ìwé ni gbogbo lọ́yà ń kọ́kọ́ wá. Àbùkù ìwé a máa fojú hàn fún ẹni tí ó bá yẹ ìwé wò. Ẹnu àwọn arúgbó agbo ilé tí ó wà níwájú ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà wà, kò sì sí ọ́fíìsì ìjọba tí a lè san owó fún kí ó wá a jáde. Báńkì kò mọ̀ ọ́n, nítorí Ìbàdàn tàbí Èkó ni ó jókòó sí nígbà tí ó gba ìwé. Ẹni tí ń lu gbàǹjo kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ayálégbé mọ̀ pé ọ̀nà wà, wọn kò mọ ẹni tí ó ni ín. Nítorí náà, kí olùrà tó dárúkọ iye kankan, kí ó lọ sí orí ilẹ̀ náà pẹ̀lú wọ̀nlẹ̀wọ̀nlẹ̀, kí ó fi ìwé ìwọ̀nlẹ̀ ilé náà wé ohun tí ó wà nílẹ̀, kí ó wo ibi tí òpó ààlà wà àti ibi tí wọ́n gbin pèrègún sí, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ilé iwájú, ti ọ̀tún, ti òsì àti ti ẹ̀yìn pé ilẹ̀ ta ni ọ̀nà yìí gbà, ta ni ó sì là á. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ohun tí bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún rántí nípa ààlà kan lè gba olùrà lọ́wọ́ ọdún púpọ̀ ní kóòtù.

Àbùkù inú ìwé

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé ni pé báńkì kò lè ta ju ohun tí onígbèsè ní lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ni Lágbájá kọ́lé sí, ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ náà ni báńkì ń tà. Ìwé tí báńkì sì máa ń fi gbé ilé fún olùrà kì í ṣe ìlérí ńlá: ohun tí ẹni tí ń ta ìdógò ń jẹ́jẹ̀ẹ́ kò ju pé òun fúnra òun kò fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn de ilé náà, kò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé onígbèsè kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí àbùkù ti sábà ń wá ni ẹbí. Láti ìgbà ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání ní 1921 ni ilé ẹjọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbà pé ní àṣà wa, ìlú, abúlé tàbí ẹbí ni ó ni ilẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹnìkan-ṣoṣo jẹ́ àjèjì. Ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, a fi ìlànà kan múlẹ̀ tí gbogbo olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí: bí àwọn àgbà ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni, bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró títí di ìgbà tí wọ́n bá sọ pé kí kóòtù wó o. Fífi ilẹ̀ ẹbí dógò náà kò yàtọ̀. Bí baba bá sì kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ti gbogbo àwọn ọmọ, kì í ṣe ti àkọ́bí nìkan. Nínú ẹjọ́ Dáńmọ́lé àti Dáwódù, tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì parí ní 1962, ìgbẹ́jọ́ náà dá lórí bí a ṣe máa pín ogún ọkùnrin kan tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, a sì dá a pé ìdí-igi, ìyẹn ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, ni àṣà. Ẹ ronú nípa ọmọ kan ṣoṣo nínú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ tí ó yọ́ ìwé ilé baba rẹ̀ lọ sí báńkì: ìdí-igi mẹ́ta ni ó lè jáde sí olùrà lọ́jọ́ tí ó bá kó ẹrù dé.

Ìdógò ti ìbílẹ̀ ni ewu mìíràn tí a kì í sábà rántí. Baba kan lè ti gba owó lọ́wọ́ aládùúgbò sórí ilẹ̀ oko kòkó tàbí obì, kí ilẹ̀ náà tó di ojú ilé. Ìdógò bẹ́ẹ̀ kì í kú lójú àṣà: iye ọdún yòówù kí ó kọjá, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ẹni tí ó fi dógò lè gbé owó náà wá láti rà á padà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó gba ìdógò ni ó yí padà tí ó ta ilẹ̀ náà fún Lágbájá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òjò ni ó ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ olóhun kò bá òjò lọ.

Lẹ́yìn ẹbí, ìjọba. Òfin Ìlò Ilẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 gẹ́gẹ́ bí Àṣẹ Ìjọba Ológun kẹfà ti ọdún náà, fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Abala kejìlélógún sọ pé ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ ìgbélẹ̀ lábẹ́ àṣẹ Gómìnà kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi í dógò, láìgba ìfọwọ́sí Gómìnà. Abala kọkànlélógún sọ irú rẹ̀ nípa ilẹ̀ tí ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ wà lórí rẹ̀, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti máa ń fọwọ́ sí i, àfi bí kóòtù ni ó pàṣẹ títà náà, tí ó fi di ti Gómìnà. Abala kẹrìndínlọ́gbọ̀n sì sọ pé ohun tí a bá ṣe lòdì sí òfin náà di asán. Ní Ìlá, nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni irú ẹ̀tọ́ tí ó wà lórí ilẹ̀ náà, kí a lè mọ̀ bóyá ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni a ó lọ tàbí Òṣogbo.

Kò sí ẹjọ́ tí ó fi agbára òfin yìí hàn bí ti Savannah Bank àti Ajilo. Ní 1980, onílé kan ní Èkó fi ilé dógò fún báńkì náà láìsí ìfọwọ́sí Gómìnà. Nígbà tí owó kò wọlé, báńkì fẹ́ lu ilé náà ní gbàǹjo, onílé sì sáré lọ sí kóòtù, ó ní ìdógò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nítorí òun àti báńkì kò gba ìfọwọ́sí. Báńkì wí pé ilé tí a ti ní kí òfin tó dé kò nílò rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ dá a ní 1989, Adájọ́ Andrews Otutu Obaseki ni ó sì ka ìdájọ́ àkọ́kọ́, pé ìfọwọ́sí pọn dandan fún ilé àtijọ́ àti ti titun, pé ìwé ìdógò náà jẹ́ asán, báńkì kò sì lè tà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìdájọ́ yìí bí nínú, nítorí ó dà bí ẹni pé a fi èrè fún ẹni tí ó jẹ gbèsè. Àwọn adájọ́ náà sì sọ pé òfin ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di 1995, nínú ẹjọ́ Awójùgbàgbé àti Chinukwe, ilé ẹjọ́ kan náà ṣàlàyé pé a lè ṣe àdéhùn kí ìfọwọ́sí tó dé, bí ó bá ti jẹ́ pé ẹ̀tọ́ kò tíì kọjá títí ìfọwọ́sí fi dé. Fún olùrà, ẹ̀kọ́ inú méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà: ìfọwọ́sí méjì ni ó gbọ́dọ̀ rí, èyí tí báńkì gbà nígbà tí ó gba ìdógò, àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa gbà nígbà tí ó bá ń rà. Bí ti àkọ́kọ́ bá sọnù, ti èkejì kò lè gbé e dìde.

Kí a wá wo ẹ̀tọ́ títà fúnra rẹ̀. Òfin Ìní àti Ìwé-Ìgbélẹ̀ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, 1959, tí a jogún, fún ẹni tí ó gba ìdógò nípasẹ̀ ìwé tí a fi èdìdì dì láṣẹ láti tà láìlọ sí kóòtù, bí ó bá ti kìlọ̀ fún onígbèsè tí oṣù mẹ́ta sì kọjá, tàbí bí èlé bá ti jẹ oṣù méjì lọ́rùn, tàbí bí a bá ti ṣẹ̀ sí àdéhùn mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé Lágbájá kàn kó ìwé ilé lé báńkì lọ́wọ́ láìsí ìwé ìdógò tí a fi èdìdì dì, àfi kí báńkì kọ́kọ́ gba àṣẹ kóòtù. Bí iye tí a tà á bá kéré, ìyẹn nìkan kò tó láti ba títà jẹ́. Ẹjọ́ Eka-Eteh ti 1973 fi èyí hàn, àfi bí a bá rí ìwà ẹ̀tàn nídìí rẹ̀. Títà ní gbàǹjo gbọ́dọ̀ ní ìkéde ọjọ́ méje, ó kéré jù, ní olú-ìlú àgbègbè náà àti ní ibi tí a ó ti tà á. Bí kóòtù ni ó sì tà á láti fi san gbèsè ìdájọ́, ọjọ́ 21 wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé títà náà kò tọ́; kí olùrà má ṣe wó ògiri kankan kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìbéèrè mìíràn ni bóyá ẹni tí ń tà ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Àwọn báńkì wa ti para pọ̀, wọ́n ti pín, wọ́n ti yí orúkọ padà. Co-operative Bank ti Ìbàdàn wọ inú Skye Bank ní 2006, Skye Bank sì di Polaris ní 2018. National Bank wọ inú Wema. Bẹ̀rẹ̀ láti 2010, AMCON, àjọ ìjọba tí ń bójú tó irú gbèsè bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ra gbèsè tí ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì. Ìwé ìdógò ọdún pípẹ́ nílò ìwé tí ó so orúkọ àtijọ́ mọ́ ti òní, láìsí àlàfo. Bẹ́ẹ̀ ni ibi ìwádìí ìwé pín sí méjì: Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò sí ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ìwé ilẹ̀ Ìlá tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà sì ti ọ́fíìsì Ìbàdàn wá. Ẹni tí ó bá wádìí ní Òṣogbo nìkan ti wádìí dé ìdajì ọ̀nà.

Ní ti àwọn ayálégbé, díẹ̀ ni a ó sọ. Olùrà gba ilé pẹ̀lú wọn. Kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, kò sì lè ká páànù orí ilé. Kí ó fi ìwé sọ fún wọn pé òun ni kí wọ́n máa san owó ilé fún láti ọjọ́ báyìí, kí ó sì rí rìsíìtì owó tí wọ́n ti san sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n jáde, ìkìlọ̀ oṣù kan ni ti ẹni tí ń san lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà ni ti ẹni tí ń san lọ́dọọdún, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ ohun mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ìkìlọ̀ ọjọ́ méje, kí ó tó kan kóòtù.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Àtúnṣe ìwé rọrùn láti là sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń gba sùúrù. Bí ọmọ ẹbí kan kò bá fọwọ́ sí títà àkọ́kọ́, kí olùrà wá olórí ẹbí àti àṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣe ìwé ìfọwọ́sí tí ó fi ìdí títà àtijọ́ múlẹ̀. Bí ìdógò kò bá ní ìfọwọ́sí Gómìnà, kí ó má ṣe rà á lọ́wọ́ báńkì nìkan. Kí onígbèsè fúnra rẹ̀ wọ inú àdéhùn, kí ó tà á, kí báńkì gba gbèsè rẹ̀ nínú owó náà, kí ó sì yọ ọwọ́. Bí ẹjọ́ bá wà ní kóòtù lórí ilé náà, kí ó dúró: ìdájọ́ tí ó bá jáde máa de ẹni tí ó rà á nígbà tí ẹjọ́ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ó gba ọgbọ́n. Ọ̀nà àbáyọ tí mo fọwọ́ sí ni pé kí olùrà bá ẹbí tí ó ni ilẹ̀ iwájú sọ̀rọ̀ kí ó tó san owó fún báńkì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹbí náà máa mọ̀ pé ọrùn olùrà ti bọ́ sínú okùn. Kí ó mú ẹni tí wọ́n mọ̀ lọ́wọ́ lọ, kí ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, kí ó sì sọ ohun tí ó ń wá láìfi òfin halẹ̀ mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹbí náà lè ta ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ náà pátápátá; ó lè fi í sílẹ̀ fún owó kan ṣoṣo tàbí owó ọdọọdún; ó lè ní kí ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó lè rí iwájú títì fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo rí pé ó sábà ń tẹ́ tọ̀tún-tòsì lọ́rùn, nítorí ohun tí ń dun àwọn onílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀nà fúnra rẹ̀, bí kò ṣe iwájú títì tí ọ̀nà náà jẹ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ sínú ẹnu. Kí wọ̀nlẹ̀wọ̀nlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ ya ọ̀nà náà sórí ìwé, kí ó fi gígùn àti ìbú rẹ̀ hàn, kí ó ri òpó mọ́ igun rẹ̀. Kí ìwé àdéhùn dárúkọ ilẹ̀ tí ń jẹ àǹfààní àti ilẹ̀ tí ń ru ẹrù. Kí ó sọ pé ẹ̀tọ́ náà wà fún olùrà, àwọn àrólé rẹ̀, àwọn tí ó bá tà á fún àti àwọn ayálégbé rẹ̀. Kí ó sọ bóyá ẹsẹ̀ nìkan ni tàbí ọkọ̀ pẹ̀lú, bóyá páìpù omi, wáyà iná àti gọ́tà lè gba ibẹ̀, àti ẹni tí ó máa tún un ṣe bí àgbàrá bá wọ́ ọ. Ìlà tí ó kẹ́yìn yìí ni ìjà sábà ń tibẹ̀ jáde, nítorí òjò ilẹ̀ wa kì í mọ ọ̀nà ẹni. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ni kí ó fọwọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ 1959 ti là á; bí ẹni tí kò mọ̀wé bá wà nínú wọn, kí a ka ìwé náà sí i létí ní Yorùbá, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé a ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí a gba ìfọwọ́sí tí ó yẹ lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀, kí a sì forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní Òṣogbo, nítorí ìwé ilẹ̀ tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kì í lágbára tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá di pé a fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí ìní ní kóòtù.

Bí báńkì bá ń kánjú, kí olùrà má ṣe bá a kánjú. Kí ó ní kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn rírà pé apá kan nínú owó máa wà lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì títí ìwé ọ̀nà yóò fi ní òǹtẹ̀, tàbí pé òun lè fà sẹ́yìn kí òun sì gba owó òun padà bí ìwé náà kò bá ṣe é rí. Bí báńkì bá kọ̀, kí ó dín iye tí ó máa san kù dé ibi tí ó lè fi ra ọ̀nà. Bí ẹbí náà bá sì kọ̀ jálẹ̀, tí olùrà sì ní ẹ̀rí pé ọ̀nà náà jẹ́ ẹ̀tọ́, ilé ẹjọ́ gíga ni kí ó lọ, kí ó béèrè ìkéde ẹ̀tọ́ àti àṣẹ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Kí ó má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó òkúta kúrò lójú ọ̀nà ní òru.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Làkáṣègbè ra ilé oníyàrá mẹ́fà ní Ìlá lọ́wọ́ báńkì ní ọdún tí ó kọjá. Ìwé ìdógò ti 1984 ni, a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Onígbèsè náà ti kú láìṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó méjì ni ó fi sílẹ̀. Onígbèsè yìí kan náà ni ó ni ilẹ̀ iwájú, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ilé náà gbà láti ìgbà tí a ti kọ́ ọ. Ní oṣù tí ó kọjá, àwọn ọmọ ìyàwó kejì fi wáyà dí ọ̀nà náà. Sọ ìwé tí Làkáṣègbè gbọ́dọ̀ wá àti ọ́fíìsì tí ó máa wá a sí. Sọ bóyá ẹ̀tọ́ ọ̀nà bá ilé náà dé ọwọ́ rẹ̀, àti ìdí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kọ ìwé àdéhùn ọ̀nà tí ìwọ yóò fẹ́ kí ìdí-igi méjèèjì fọwọ́ sí.